Tíṣà Tó Yó Kó Tó Lọ sí Àwùjọ

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọkùnrin tó mọ ibi gbogbo láyé àmọ́ tí kò mọ ibi tó wà, Adéjàre Fọlọ́runṣọ́ lonítọ̀hún ń wá, lọ́dún tí Bathurst di Banjul. Ọmọ Iléṣà ni, ó gboyè nínú jọ́gíráfì ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú tó wà lẹ́nu odò Gáḿbíà náà. Ó lè ya àwòrán Áfíríkà sára pátákó láì wo ìwé, kó fi gbogbo odò sí i, kó fi gbogbo òkè sí i. Ṣùgbọ́n rán an ní búrẹ́dì ní Portuguese Town, àdúgbò tó ń gbé gan-an, o lè dúró dè é títí ebi yóò fi dá ọ dùbúlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi orúkọ òpópónà júwe ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó nílé ni wọ́n fi ń júwe, bó ti wù kó pẹ́ tó tí olúwarẹ̀ ti kú, Adéjàre kò sì mọ òkú ibẹ̀ kankan.

Ní táàmù yẹn, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn àti ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ló ń kọ́ kíláàsì rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sójú pátákó: ibi, àyè, ọ̀nà jíjìn, ìṣípòpadà, ìtànkálẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó dùn ni, nítorí ọ̀rọ̀ ara wa ni, ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò lẹ́nu Adéjàre, á gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sórí páànù. Ó ní kí wọ́n kọ́ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Babucarr dìde, ó ní, "Sà, ìlú wa ti di Banjul báyìí. Ṣé ibi kan náà ni, àbí ó ti di ibòmíràn?" Adéjàre ní àwọn ìlà tó fi ibẹ̀ hàn lórí máàpù kò sún, nítorí náà ibi kan náà ni. Babucarr jókòó, àmọ́ ojú rẹ̀ sọ pé wọn kò tíì dá òun lóhùn.

Ní ti ìtànkálẹ̀, Adéjàre fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà kan láti igun pátákó dé igun kejì. Ó ní nǹkan kan kúrò níhìn-ín, ó dé ọ̀hún, ó parí. Bí ẹrù tí wọ́n dì dáadáa, tí wọ́n sì tú ní ibi tó ń lọ, tí ohunkóhun kò sọnù nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, ó sì rò pé ó ti yé wọn ni.

Kí ẹ má bàa rò pé ọkùnrin náà burú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Rẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀, wà ní Iléṣà pẹ̀lú oyún. Oyún tó kọ́kọ́ ní bàjẹ́ nígbà tí Adéjàre wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sókótó, òun nìkan ló sì wà nílé lọ́jọ́ náà. Kó tó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ bàálù wá sí Gáḿbíà, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Mi ò ní dá gbé oyún mọ́. Wá ilé, kí n wá bá ọ. Bí o ò bá rí ilé kí ara mi tó wúwo ju ẹni tí bàálù lè gbé lọ, n ò ní bínú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi ni n ó bí i sí, ìwọ á sì máa gbọ́ ìròyìn." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí Adéjàre gbádùn. Kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ wà níbẹ̀.

Ibi tó ń sùn kò sì ṣeé mú aboyún wá. Yàrá kótópó kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Màmúdù ni, ọmọ Ìwó tó ti ń ta aṣọ ní Banjul láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe gómìnà. Màmúdù àti Kàfáyàt ìyàwó rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìdì aṣọ ló kún yàrá náà dé àjà, òórùn káńfọ̀ sì ń fa omi lójú ẹni. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó lọ wá ilé sí Cape Point lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ó lọ wò ó, ó rí iye tí wọ́n ń pè é, ó sì yí padà sílé.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa Gráni Lukrísíà. Ìyá àgbà Àkú ni, láti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì wá dé Banjul. Bí wọ́n ti máa ń kí ara wọn ní ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún, ni àwọn tó gbọ́ wọn fi sọ wọ́n ní Àkú. Wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Èdè bí òyìnbó bí tiwa ni wọ́n ń sọ, Adéjàre sì ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ó jọ pijin. Nínú àgbàlá Gráni yìí, ilé onípákó kan ṣófo, yàrá méjì, fèrèsé rẹ̀ dára, igi òroǹbó wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Adéjàre rí i, ọkàn rẹ̀ sì ti kó wọ ibẹ̀.

Gráni wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í léèrè ìyàwó, ó bi í léèrè ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Satide wi get awujoh. Mi mami in pikin dem ol go kam. Kam yusef. Afta dat, a go tel yu bot di os."

Inú Adéjàre dùn dé ìdí. Àwùjọ! Ta ló tún ń wá ògbufọ̀? Ìyá Gráni ló ni ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ ìyá fẹ́ pé jọ jíròrò lórí ilé, wọ́n sì ní kí ẹni tó fẹ́ gbé e wá fojú hàn. Bó ṣe rí ní Iléṣà náà nìyẹn. Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Ní Sátidé, ó wọ kóòtù, ó de táì. Ó sọ fún Màmúdù pé ìpàdé mọ̀lẹ́bí kan ni òun ń lọ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Kàfáyàt ti se ìrẹsì ẹlẹ́ja tí àwọn ará ìlú ń pè ní benachin, Adéjàre sì jẹ àwo kan, ó tún gba òmíràn. Màmúdù ní, "Tíṣà, rọra o." Adéjàre ní ìpàdé àwọn àgbà máa ń pẹ́, òun kò fẹ́ kí ebi máa pa òun níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ẹnu, ó lọ.

Nígbà tó dé àgbàlá Gráni, ìkòkò ńláńlá ló kọ́kọ́ rí. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, àkàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ìrẹsì. Àwọn ìyá àgbà jókòó yíká, wọ́n wẹ gèlè. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ wà lábẹ́ igi òroǹbó. Adéjàre sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ìpàdé ṣe. Wọ́n ti gbẹ́ ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Gráni bu ẹ̀wà sínú ihò náà, ó da omi tútù lé e, ó sì ń pe orúkọ bó ti ń ṣe é, orúkọ ìyá rẹ̀, ti ìyá ìyá rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Adéjàre wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni.

Nítorí pé àlejò ni, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tank yu, ma. A don beleful."

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Gráni rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa ni. Ó tún na àwo náà sí i, ó ní, "Na Mami in chop dis."

Oúnjẹ Màmá ni. Adéjàre, tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ dáadáa, ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ gidi gan-an lọ́wọ́ Màmá, kí wọ́n sọ fún wọn pé òun ti yó ni. Ó sì dìde. Ó gbà pé wọ́n ń retí òun ni wọ́n fi dákẹ́. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ilé. Ó ní òun á kun ògiri. Ó ní òun á tún òrùlé ṣe, nítorí ó hàn pé ẹni tó gbé ilé náà gbẹ̀yìn kò bìkítà rárá, ó jẹ́ kí òjò ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹni tó gbé e gbẹ̀yìn yìí ni ẹ̀gbọ́n Gráni, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ sínú ihò. Bàbá kan tó wà lábẹ́ igi gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà kan yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gráni kò jà, kò pariwo. Ó gba àwo náà padà, ó fi ìdérí dé e. Ó ní, "Tisha, di os no de."

Ilé náà dúró níwájú wọn, àmọ́ wọ́n ní kò sí. Adéjàre kò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti ṣe é. Bó ti jáde, Rẹ̀mí nìkan ló ń rò, bó ṣe jókòó ní Iléṣà, tí ara rẹ̀ ń wúwo sí i.

Màmúdù wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù nígbà tó dé. Ó ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Adéjàre sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rín fi gba ẹnu Màmúdù, ó di ìdí àga mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tó rí ojú tíṣà, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Àwùjọ ni wọ́n pè mí sí."

"Ìwọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìpàdé lo pè é. Tíṣà, sàráà ni. Sàráà tí à ń ṣe lé òkú lórí, òun ni àwọn ń pè ní àwùjọ. Wọ́n ń fún àwọn òkú wọn lóúnjẹ, àwọn alààyè á sì bá wọn jẹ ẹ́. Ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ìwọ wá ránṣẹ́ sí òkú pé o ti yó." Ó mi orí. "O sì tún bú òkú kejì nítorí òrùlé."

Ojú ti Adéjàre débi pé ó fi ọwọ́ bo orí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ni."

Màmúdù ní, "Tiwa ni nígbà tó kúrò nílé."

Ní Sọ́ńdè, Adéjàre jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ ìwàásù kankan. Àwùjọ ló ń yí nínú orí rẹ̀. Ó rántí Iléṣà. Ṣé ó ti rí ibi tí mọ̀lẹ́bí pé jọ sí rí, tí wọn ò jẹun? Ọ̀rọ̀ náà gbé ìjíròrò dání, ó gbé oúnjẹ dání. Àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú kò ní ìpàdé tí wọn yóò pè. Kò sí baálé, kò sí ilẹ̀ tí wọn yóò jíròrò lé lórí, wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Òkú wọn nìkan ni wọ́n ní, àti bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Ìyẹn ni wọ́n tọ́jú. Àwa tó kù nílé gbé ìpàdé, àwọn gbé oúnjẹ. Òun wá wọ kóòtù, ó wá kọ oúnjẹ náà lójú wọn. Àánú wọn ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà ṣe é, ó sì wá fẹ́ràn wọn gan-an, Gráni pẹ̀lú ìdérí àwo rẹ̀.

Nígbà tó dé kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó nu ọfà tó fà sójú pátákó kúrò. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ohun kan nínú ilé wọn tó wá láti ibòmíràn. Oumie, ọmọbìnrin Wolof tó máa ń jókòó níwájú, ní kò sí irú ẹ̀ nínú ilé tàwọn, gbogbo nǹkan àwọn ni tàwọn.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Àkàrà, sà. Ìyá mi ló ń dín in."

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Adéjàre pé àwa la ni àkàrà. Ó gbé e mì. Ó ní, "Kí lẹ fi ń jẹ ẹ́?"

"Búrẹ́dì, sà, àti ata tí wọ́n fi àlùbọ́sà sè." Oumie wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Kí ni wọ́n tún ń fi jẹ ẹ́?"

Adéjàre ní ẹ̀kọ mímu ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní ìlú òun. Kíláàsì dàrú. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Essa ní ìyẹn kò lè dùn láé. Ẹlòmíràn ní nílé tàwọn, ọjọ́ sàráà nìkan ni wọ́n ń dín in. Wọ́n ń jiyàn títí tíṣà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kàn fi kan ilẹ̀kùn. Kí Adéjàre tó jáde, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé ìtànkálẹ̀ ni kí nǹkan kúrò ní ibi kan, kí ó dé ibòmíràn, kí ó sì di ọmọ ibẹ̀. Ó tún sọ fún Babucarr pé òun kò mọ̀ bóyá Bathurst àti Banjul jẹ́ ibi kan náà. Kó bi ìyá rẹ̀ àgbà, kó wá sọ fún òun. Babucarr rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní táàmù náà.

Lọ́jọ́ yẹn, Adéjàre kò jẹun láàárọ̀, kò jẹ lọ́sàn-án. Kàfáyàt gbé oúnjẹ wá, Adéjàre bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun kò ní jẹ ẹ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó bọ́ táì, ó lọ sí àgbàlá Gráni Lukrísíà. Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì. Adéjàre dọ̀bálẹ̀, kóòtù kò sí lọ́rùn rẹ̀, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ó kí i, "Kushe, Gráni."

Gráni ń ṣa ìrẹsì lọ.

Ó ti múra ọ̀rọ̀ àforíjì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn tó dára. Nígbà tó wo ojú ìyá náà, ó pa á tì. Ó ní, "Gráni, a hongri."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Ó ní oúnjẹ àwùjọ ti tán. Adéjàre ní ohunkóhun tó bá wà, òun á jẹ ẹ́. Gráni wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé èépá ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò jáde pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó káwọ́ gbera. Adéjàre kò tíì fi ọwọ́ kàn án. Ó bi í pé kí ni orúkọ Màmá tí wọ́n ṣe àwùjọ fún.

"Rebeka," ni Gráni wí. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé ni Adeyemo. Ó pè é pẹrẹsẹ, bí ẹni pe orúkọ òyìnbó.

"Adéyẹmọ," ni Adéjàre wí, ó sì fi ohùn sí i bó ti yẹ. Ó túmọ̀ rẹ̀ ní èdè ìyá náà: adé yẹ ọmọ yìí, ó wọ̀ ọ́. Ó ní kí Màmá Adéyẹmọ dárí ji òun, òun kò mọ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó sì jẹ èépá ìrẹsì náà títí àwo fi mọ́, nítorí ebi ń pa á ní òtítọ́.

Gráni ní kó tún orúkọ náà pè. Ó tún un pè. Ìyá náà ń gbé e lẹ́nu wò, ó ṣì í, ó tún un ṣe. Ó ní ìyá òun kú láì mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó sì bi í pé oyún ìyàwó rẹ̀ ti tó oṣù mélòó. Adéjàre sọ fún un. Ó ní, "En di pikin, yu go mek komojade?"

Kọ́mọjáde. Adéjàre mọ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré. Ó fẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dá ara rẹ̀ dúró. Ó fara balẹ̀ bí ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó bi í pé kí ni komojade lọ́dọ̀ wọn.

Gráni wò ó pẹ̀lú ìyanu. Ó ní bí wọ́n bá bí ọmọ, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àgbà obìnrin á gbé e jáde kúrò nínú yàrá, á gbé e dé ìta, kí ó lè rí ìlú, kí ìlú sì rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà rárá. Nínú ọkọ̀ ẹrú, ní Freetown, ní Banjul, pẹ̀lú gbogbo ohun tójú wọn rí, ẹnì kan ṣáà ń kó ọmọ jáde. Omijé jáde lójú Adéjàre, kò sì fi í pamọ́.

Gráni gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tel yu wef le i kam. Di os de."

Rẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀ ní Yundum, pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, nígbà ọyẹ́. Màmúdù ló fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ gbé e, nítorí Adéjàre kò lè dúró jẹ́ẹ́ débi tí wọn á fi fún un ní ọkọ̀ wà. Ó bí ọmọbìnrin nínú ilé onípákó náà, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà. Nígbà tí ọmọ ké, ó jókòó sórí ilẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Gráni Lukrísíà fi aṣọ funfun di ọmọ náà, ó gbé e jáde ní kùtùkùtù. Àwọn aládùúgbò tẹ̀lé e, Kàfáyàt náà wà níbẹ̀. Gráni ń dúró ní ibi kọ̀ọ̀kan, ó ń nawọ́ sí i, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní Àkú: ilé tèmi nìyí, ilé Bàbá Jọ́jì nìyí, ó ti kú ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni, ibí ni wọ́n ti ń pọn omi, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, odò ń bẹ lọ́hùn-ún. Ọmọ náà dijú, ó ń sùn.

Rẹ̀mí rọra ń rìn lẹ́yìn wọn. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n ń bá a sọ?"

Adéjàre ní, "Wọ́n ń sọ ibi tó wà fún un ni."

Rẹ̀mí tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá yára sún mọ́ iwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gráni, ó ní kí ọkọ òun bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.